Kí ni kí n ní kí wọ́n yà? Ìdáhùn fún olùkọ́ kíláàsì kẹta

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kọ̀wé sí mi. Ọmọ 60 ló wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ CCA (Cultural and Creative Arts, ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà) sì máa ń bọ́ sí ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá ní kí wọ́n ya ohun tó wù wọ́n, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń yà: òrùlé onígun mẹ́ta, fèrèsé méjì, igi àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, oòrùn ní kọ̀rọ̀ òkè bébà. Bó bá ya nǹkan sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ. Ó wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí àkójọ ohun 100 tí a lè ní kí ọmọdé yà, ó sì mú èyí tó wà lókè pátápátá: ènìyàn tí a fi yìnyín mọ. Ó ní ṣe ni kíláàsì pa lọ́lọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n máa sọ fún wọn tí orí àti ọwọ́ wọn á fi jọ máa ṣiṣẹ́? Mi ò lówó kréyọ̀n. Èwo ni kí n sì fi bẹ̀rẹ̀ bí a bá wọlé ní sáà tó ń bọ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwọn ọmọ náà. Ilé onígun mẹ́ta yẹn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án ti wá àmì fún ilé, ó ti wá àmì fún igi àti fún ènìyàn, àmì náà sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Viktor Lowenfeld, ọmọ ilẹ̀ Austria tó di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nínú ìwé tó gbé jáde ní 1947: àmì tí ọmọ ti mọ̀ ni yóò máa lò títí yóò fi bá nǹkan pàdé tí àmì yẹn kò lè gbé. Ìdí rèé tí "ẹ ya ohun tó wù yín" fi ń mú ilé wá. Ẹ kò bi wọ́n ní nǹkan kan, ni wọ́n bá fi ìdáhùn tó wà nílẹ̀ dá yín lóhùn.

Kí Lowenfeld tó sọdá sí Amẹ́ríkà, ó ti bá àwọn ọmọ afọ́jú ṣiṣẹ́ ní Vienna, iṣẹ́ yẹn sì jẹ́ kó mọ̀ pé gbogbo ara ni ọmọ fi ń mọ ayé, pé ojú nìkan kọ́. Nítorí náà, ohun tó máa ń ní kí ọmọ yà máa ń ní "èmi" nínú, ó máa ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. (Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Hampton, ní Virginia, ni John Biggers, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tó rìnrìn àjò wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1957, tó dé Nàìjíríà, tó sì ya ohun tó rí lọ́dọ̀ wa. Inú mi máa ń dùn pé ẹ̀kọ́ yẹn ti yí ká dé ọ̀dọ̀ wa láti ìgbà náà.)

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí n ó sọ: ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi gbé iṣẹ́ àwòrán ka iwájú ọmọ gbọ́dọ̀ ní àlàfo nínú, àlàfo tó jẹ́ pé ọmọ yẹn nìkan ló lè dí i.

Ẹ mú ọjà. Bí ẹ bá ní "Ẹ ya ọjà", tábìlì ni ẹ ó rí, òkìtì tòmátì, àti obìnrin kan tó dúró gbọingbọin. Ẹ wá sọ ọ́ báyìí: "O tẹ̀lé màmá lọ sọ́jà. Òjò dé lójijì. Agbòjò kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ sì wà níbẹ̀. Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀? Apá ta ló ń tutù? Ibo lẹ gbé ẹrù sí?" Ọmọ tí òjò ti pa rí kò ní ráyè ilé onígun mẹ́ta. Ó ní láti pinnu bóyá òun ló wà lábẹ́ agbòjò ni àbí àbúrò òun. Ó ní láti wá bí ènìyàn mẹ́ta ṣe ń fún ara wọn mọ́ ibi kékeré. Àmì tó mọ́ ọn lọ́wọ́ kò tó iṣẹ́ yẹn ṣe, ni yóò bá wá òmíràn.

Kí ọwọ́ tó kan bébà, ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ ṣe é. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Bó bá jẹ́ "Mo ń ru omi bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ", ẹ ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n dì mọ́ garawa tí kò sí níbẹ̀, kí wọ́n gbé e ka orí, kí wọ́n rìn lójú kan. Ẹ máa bi wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é: Ọwọ́ rẹ dà? Ọrùn ńkọ́? Omi ta sí ọ lójú, kí lo ṣe? Lẹ́yìn náà kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dijú díẹ̀, kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù. Ẹ ó rí i pé apá tó máa ń na bí igi sí ọ̀tún àti òsì nínú àwòrán wọn yóò tẹ̀, yóò gòkè, yóò wá orí lọ. Kò sí àlàyé orí pátákó tó lè yára ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí apá tó di garawa mú bá gùn ju ẹsẹ̀ lọ, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ohun tó ká ọmọ lára ni ó ń sọ di ńlá. Bí orí bá tóbi ju ara lọ, ẹ rántí àwọn agbẹ́gilére wa: nínú ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, orí a máa gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ère náà, bẹ́ẹ̀ orí ènìyàn gidi kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ. Kì í ṣe pé àwọn àgbà yẹn kò mọ ìwọ̀n. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé ga.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù ni àlọ́ àpamọ̀. N kò mọ ìdí tí a fi ń wá ohun tí ọmọ máa yà kiri nígbà tó jẹ́ pé ilé wa kún fún un. Àlọ́ àpamọ̀ a máa gbé àwòrán kalẹ̀ tí ojú kankan kò tíì rí, a sì fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú èyí tí wọ́n mọ̀ jù: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Gbogbo kíláàsì ni yóò pariwo pé "Ẹ̀wà!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Kí ẹ wá ní: "A ò fẹ́ ẹ̀wà lónìí. Òrúkú gan-an la fẹ́ rí. Báwo ló ṣe rí? Ibo ni igba ọmọ ń sùn? Ta ló ń lé tìróò fún wọn? Ta ni wọn ò tíì lé tirẹ̀?"

Kò sí ẹni tó rí Òrúkú rí. Kò sí lójú pátákó, kò sí nínú ìwé, ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò sì mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Èyí ló ń tú ìdè ìdàkọ. Ọ̀kan lè ya obìnrin tí aṣọ rẹ̀ gbòòrò débi pé àwọn ọmọ ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn lè ya ilé tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ojú. Méjèèjì ló dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ wò ó, igba ọmọ yẹn tún ń gbé ẹ̀kọ́ mìíràn wá fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sábà máa ń to gbogbo nǹkan sórí ilà kan ní ìsàlẹ̀ bébà, kì í jẹ́ kí ohun kan bo òmíràn. Bó bá ti ya ọmọ Òrúkú mẹ́wàá tí bébà sì ń tán, ó máa sunkún pé àyè ò sí. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ pe ọmọ mẹ́fà síwájú, kí ẹ to wọn bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, kí ẹ bi àwọn tó kù pé kí ni wọ́n rí nínú ara àwọn ti ẹ̀yìn. Orí nìkan. Èjìká díẹ̀. Ẹ ti kọ́ wọn bí ohun kan ṣe ń bo òmíràn, ní ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

"Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbàgbé ọmọrogùn. Omi tó ń hó ni kí wọ́n yà, pẹ̀lú ọmọ aláìgbọràn tó ń torí bọ̀ ọ́. Ṣé ẹ̀rù ń bà á ni, àbí ó ń rẹ́rìn-ín? Ta ló wà ní èbúté tó ń pè é padà? Èyí dára fún ọmọ tó bẹ̀rù pé òun kò mọ ènìyàn yà, torí pé ìlà tó ń yí, tó ń ru, tó ń lọ́ mọ́ra ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èédú sì ni ohun tó bá a mu jù lọ.

Àlọ́ kẹta, ẹ lò ó lọ́nà mìíràn. "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́. Kí wọ́n ya ẹni tó ń kọjá náà sí apá kan bébà, àti ojú tí ọba fi ń wò ó. Nígbà tí wọ́n bá parí ni kí ẹ tó já a pé àgbàrá òjò ni, kí wọ́n sì tún un yà sí apá kejì. Ẹ ó rí ọba kan náà pẹ̀lú ojú méjì tó yàtọ̀. Àwọn àlọ́ bíi "awẹ́ obì kan à-jẹ-dé-Ọ̀yọ́", tó jẹ́ ahọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ di kíláàsì karùn-ún; àwòrán inú rẹ̀ kéré, ọmọ kékeré á kàn ya obì. Bí kíláàsì yín bá sì ní ọmọ Ègùn tàbí ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Hausa, kí wọ́n lọ béèrè ti ilé wọn wá. Ọmọ tó gbé àlọ́ wá láti ilé ló máa pa á fún kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà míì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Leonardo da Vinci gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa wo ara ògiri tó ní àbàwọ́n, pé wọ́n á rí òkè, odò, igi àti ènìyàn tó ń jà níbẹ̀. Bí òjò bá ti jò sára ògiri kíláàsì yín, ẹ ti ní ti yín. Ẹ ní kí olúkúlùkù yan àbàwọ́n kan, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó wá yà á. Bí ògiri bá sì mọ́, kí ọmọ dijú, kó fa ìlà kan ṣoṣo tó lọ́ bó ṣe fẹ́, kó wá fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹni yẹn ló máa yí i ká títí yóò fi di nǹkan. Kì í ṣòro níbí fún ọmọ tó máa ń ní "mi ò mọ̀ ọ́n yà", torí pé ẹlòmíràn ti bá a bẹ̀rẹ̀.

Fún ọmọ 60, ẹ dán bébà kíká wò. Àwọn ayàwòrán kan ní Paris ló sọ ọ́ di eré láàárín ara wọn ní nǹkan bí 1925. Ẹ ká bébà sí mẹ́ta. Ọmọ àkọ́kọ́ ya orí, ó ká a pa mọ́, ìlà ọrùn méjì nìkan ló yọ. Ìkejì ya ara àti ọwọ́. Ìkẹta ya ẹsẹ̀. Bébà 20 ló tó kíláàsì. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀rín á pọ̀, ẹ má ṣe dá wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹ má parí síbẹ̀: kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹ̀dá náà lórúkọ, kí wọ́n sọ ohun tó ń jẹ àti ibi tó ń gbé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn: ilé rẹ̀ ni wọ́n máa yà.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tó máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ. Àwọn obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń pín aṣọ sí ọ̀pọ̀ igun mẹ́rin kéékèèké, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ta ẹ̀kọ láfún sí i kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Wọ́n wo ìlú wọn, wọ́n mú ohun tó wù wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di àrà. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: "Bí a bá fẹ́ ṣe àdìrẹ àdúgbò wa, kí ni kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀, tí ẹlòmíràn lè gbàgbé?" Olúkúlùkù ní igun kan. Ẹ̀rọ ìlọta, ajá tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ẹ wá lẹ gbogbo 60 pọ̀ sára ògiri.

Nípa pátákó: ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ohun tí olùkọ́ bá yà ni ọmọ máa kà sí ìdáhùn. Bó bá di dandan kí ẹ fi nǹkan hàn, ẹ ya mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, kí ẹ sì nù ún nù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí, bóyá kí a fi bí wọ́n ṣe ń yà á han ọmọ ni àbí kí a jẹ́ kó yà á fúnra rẹ̀, ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Àìná Onabolu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1882, fẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ mọ ìyàwòrán bí àwọn ará Yúróòpù ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé a ò lè ṣe é. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì tó dé ní 1927, ní kí àwọn ọmọ ya ìgbésí ayé àti iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wọn. Ní 1964, nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, àwọn tó wá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀, kò kàwé iṣẹ́ ọnà rí. Níbẹ̀ ni àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti yọ. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Òṣogbo láti sọ pé kí a má kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbà ọ̀dọ́ tí ìtàn, orin àti eré ti kún inú wọn làwọn yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ nílò ẹni tó máa bi í léèrè, ó sì nílò ẹ̀kọ́ ìṣọwọ́yà nígbà tí iṣẹ́ bá dé ibi tó ti há sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe pẹ̀lú ọmọ Òrúkú.

Àkójọ 100 ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ yọ èyí tó jẹ mọ́ ohun tí wọn kò fara kàn rí. Ẹ yọ èyí tó jẹ́ orúkọ nǹkan lásán. Èyí tó bá ní ohun tí kò ṣeé ṣe nínú, bí ẹja tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ mú un, kí ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta kún un: ibo ló ń lọ, ta ló pàdé lọ́nà, kí ló gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́? Ní tèmi, "Ohun tí mo fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú" ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí pé dókítà 60 tó wọ aṣọ funfun ni ẹ máa gbà.

Ti kréyọ̀n, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Èédú tó ti tutù, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì, ilẹ̀ iyanrìn àti igi ṣókí lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń dùn mọ́ wọn ju bébà lọ. Ohun kan ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: kílínà. Ọmọ tó ní kílínà á máa pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́ títí bébà á fi lu. Ìlà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá ń rìn láàárín wọn, ẹ má bi ọmọ pé "Kí lèyí?" Ó máa gbọ́ ọ bíi pé kò jọ nǹkan kan. "Sọ ọ́ fún mi" sàn jù. Ọmọ tó parí ní ìṣẹ́jú méjì, ẹ bi í léèrè ohun tó wà lẹ́yìn ilé, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ kété lẹ́yìn náà. Ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ má gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dín ìbéèrè kù: agbòjò yẹn nìkan ńkọ́, ṣé ó ti ya? Ní ti máàkì, mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa béèrè. Ẹ fún un nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè náà, nítorí pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé ó lè sọ ìtàn rẹ̀. Ẹwà kò gbọdọ̀ ní máàkì ní kíláàsì kẹta.

Ẹ ṣọ́ra fún "Ya bàbá rẹ." Nínú ọmọ 60, àwọn kan wà tí bàbá wọn ti kú tàbí tí wọn kò mọ̀ ọ́n. "Ẹni tó máa ń dúró dè mí" gba gbogbo wọn. Àwọn òbí Mùsùlùmí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn ya ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì yọ ọmọ náà sẹ́yìn. Òjò, agbòjò, ẹrù, òrùlé ọjà àti omi tó ń ṣàn lè sọ ìtàn yẹn láìsí ojú ènìyàn kankan, igun àdìrẹ sì bá a mu gan-an.

Èyí tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀: ti òjò lọ́jà ni kí ẹ mú ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, torí gbogbo wọn ni òjò ti pa rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lábẹ́ agbòjò gidi kan níwájú kíláàsì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì, bébà kíká, kí ẹ̀rín lè tú wọn lára. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí Òrúkú wọlé. Bí ilé onígun mẹ́ta bá tún yọjú láàárín wọn, ẹ bi ẹni tó yà á pé ta ló wà nínú ilé náà nísinsìnyí, kí ló sì ń ṣe, kí ẹ sì fún un ní èédú kó yà á sínú ògiri náà, bíi pé ògiri ò sí.